Gíà wo ló yẹ Bẹ́ǹsì àtijọ́: èyí tó bá a wá, tàbí 722.6 tó dé lẹ́yìn rẹ̀?

Bí ẹ bá ní V-boot, ìyẹn W124 tí Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1984, tàbí W126 tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láyé ọjọ́un, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì kan ti sọ fún yín rí pé: “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká yọ gíà yìí dànù, ká gbé ti ìgbàlódé sí i.” Ti ìgbàlódé tí wọ́n ń wí ni 722.6, ọ́tò oní-gíà márùn-ún tí Mercedes gbé jáde ní 1996. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹ́ńjìnnì tó ń ké lójú ọ̀nà Ìbàdàn á rọlẹ̀, epo tó ń jó á dínkù, gíà á sì máa wọlé láì jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn mọ̀ pé ó wọlé.

Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé 722.3 àtijọ́, ìyẹn ọ́tò oní-gíà mẹ́rin tó bá ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ báyìí wá, lè gbé yín láti Èkó dé Ìlọrin láìbéèrè iná mànàmáná ju ti kickdown (títẹ tòròtù dé ilẹ̀ kí gíà lè bọ́ sí ìsàlẹ̀) lọ, nígbà tó jẹ́ pé bí iná bá já lára 722.6, gíà kejì àti rìfáàsì nìkan ló kù fún yín. Èmi ò rò pé iye gíà ló yẹ kó pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí yóò máa tọ́jú ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ tán ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ṣé gíà tó wà nídìí ọkọ̀ ti kú lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ 722.3 tí wọ́n ti tà fún àwọn onírin àlòkù ni kò ní àrùn kankan ju họ́ọ̀sì tín-ín-rín kan tó là lọ. Gíà yìí àti àbúrò rẹ̀, 722.4 tó wà lára 190E, 230E àti 260E, máa ń fi nǹkan mẹ́ta mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀. Governor inú rẹ̀ ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Wáyà irin kan láti ibi tòròtù ń sọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó. Vacuum, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tó ń fà láti inú ẹ́ńjìnnì (tàbí láti inú pọ́ǹpù vacuum, bó bá jẹ́ dísù) ń sọ bí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó. Bí họ́ọ̀sì vacuum bá yọ, gíà á máa já wọlé gbàgà. Bí wáyà tòròtù bá rọ̀ jù, á máa pààrọ̀ kó tó yá, á sì máa yọ̀. Bí modulator, ohun kékeré ara gíà tí họ́ọ̀sì vacuum wọ̀ sí, bá lu lára ọkọ̀ oníbẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì gíà mu, èéfín funfun á máa tú ní sálẹ́ńsà, ẹnì kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ló ti kú.

Èyí tó ń já àwọn èèyàn láyà jù lọ ni kí ọkọ̀ ṣàdédé kọ̀ láti lọ síwájú, tí rìfáàsì sì ń ṣiṣẹ́ geere. Lára 722.3 àti 722.4, písítìnì B2, tó ń ti bàǹdì kan nínú gíà, ló sábà máa ń ṣẹ́ nígbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ gíà kalẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè yìí dán mẹkáníìkì yín wò: ẹ bi í pé kí ló lè fà á tí rìfáàsì ń wọlé tí D kò wọlé. Bí kò bá dárúkọ B2, ẹ má tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan.

Ẹ tún wo gíà síìtì àti rọ́bà ìdí pùròpẹ́là. Bí àwọn yẹn bá ti já, gbogbo pípààrọ̀ gíà ló máa dún gbì, gíà kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àmọ́ bí ọ́ìlì orí géèjì bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, tí gíà ń yọ̀ nígbà tó bá gbóná, tí wọ́n sì rí èérún irin nínú páànù rẹ̀, kì í ṣe eruku eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà níbẹ̀, ó ti di dandan kí ẹ náwó. Ìgbà yẹn ni ìfiwéra yìí wúlò: ṣé kí ẹ tú èyí tó wà níbẹ̀ ṣe, àbí kí ẹ lo owó náà fún òmíràn?

Nọ́ńbà wọn rèé: iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan

| Gíà | 722.3 (ọ̀pọ̀) | 722.4 | 722.6 kékeré | 722.6 ńlá | 722.9 |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | 3.87 | 4.25 | 3.93 | 3.59 | 4.38 |
| 2 | 2.25 | 2.41 | 2.41 | 2.19 | 2.86 |
| 3 | 1.44 | 1.49 | 1.49 | 1.41 | 1.92 |
| 4 | 1.00 | 1.00 | 1.00 | 1.00 | 1.37 |
| 5 | – | – | 0.83 | 0.83 | 1.00 |
| 6 | – | – | – | – | 0.82 |
| 7 | – | – | – | – | 0.73 |

722.6 kékeré ni Mercedes ń pè ní W5A330, ńlá ni W5A580. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn orúkọ wọn ni agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì (tí wọ́n ń fi Nm wọ̀n) tí wọ́n lè gbà: 330 Nm àti 580 Nm. Ẹ́ńjìnnì 3.0 M103 tó wà lára 300E kò tó 270 Nm, 3.2 M104 sì ń fún ní bíi 310, nítorí náà kékeré tó fún onísílíńdà mẹ́fà. V8 ló nílò ńlá.

Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta nínú tábìlì yẹn. 722.4 àti 722.6 kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà láti gíà kejì dé ìkẹrin. Ohun tí ẹ ń rà gan-an ni gíà kìíní tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ àti ìkarùn-ún tó ń sinmi ẹ́ńjìnnì. Mo ní “tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́” torí pé ọ̀pọ̀ 722.3 àti 722.4 máa ń gbéra láti gíà kejì, àyàfi tí ẹ bá tẹ tòròtù mọ́lẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé V-boot lẹ láti gbéra. 722.6 máa ń gbéra láti gíà kìíní, ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn síni lára ní kété tí iná bá fún yín láyè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ti ojú ọ̀nà. Ká ní dífù yín jẹ́ 3.07, táyà yín sì jẹ́ 195/65 R15. Ní eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí FRSC fi ṣe òpin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń lo gíà kẹrin àtijọ́ yóò máa yí ní bíi 2,600 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn tún fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọnfátà rẹ̀, ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà, kò ní ohun tó ń dì í, ó máa ń yọ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. Lórí gíà karùn-ún 722.6, bíi 2,180 ni. Kọnfátà tirẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì nínú tó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì láti gíà kẹta lọ sókè, nítorí náà ohun tó ń ṣòfò kéré, ooru tó ń bọ́ sínú ọ́ìlì sì dínkù. Ó ju 400 ìyípo lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ń lọ sí Àbújá tàbí Benin lóṣooṣù máa gbádùn rẹ̀, etí rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Sùúrùlérè tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ńkọ́? Gíà karùn-ún wo ló fẹ́ dé nínú gósìlóò? Kílọ́ọ̀ṣì inú kọnfátà kò lè ṣe púpọ̀ fún un nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn tó ń dúró, ooru tó ń pa gíà ní Èkó sì ni irú èyí gan-an. Owó tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ra 722.6, kó fi ra kúlà ọ́ìlì tí wọ́n máa so síwájú ráídétọ̀, kó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà ní gbogbo 50,000 kìlómítà. Ìdí kọnfátà 722.3 ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n lè tú láti da gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, àǹfààní tí ọ̀pọ̀ gíà òde òní kò ní mọ́.

Iná ni gbogbo ọ̀rọ̀

Nínú 722.6, ọ́ìlì ló ṣì ń ti kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n iná ló ń pàṣẹ fún ọ́ìlì. Sólẹ́nọ́ìdì mẹ́fà ló wà lórí valve body rẹ̀, ìyẹn pátákó irin tó ń pín ọ́ìlì inú gíà: mẹ́ta fún pípààrọ̀ gíà, méjì fún títi ọ́ìlì sókè àti sódò, ọ̀kan fún kílọ́ọ̀ṣì inú kọnfátà. Sẹ́ńsọ̀ eré méjì tún wà lórí pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní conductor plate. Gbogbo wọn ń gba inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì onípíìnì 13 kan jáde lọ sí bíréènbọ́ọ̀sì gíà.

Lára W210 tàbí W140, àwọn Bẹ́ǹsì tó rọ́pò W124 àti W126, tí wọ́n ti yọ ọ́ wá, bíréènbọ́ọ̀sì yẹn kì í dá nǹkan ṣe. Ó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ bíréènbọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì, ó ń gba eré táyà lọ́dọ̀ ABS, orí wáyà méjì tí wọ́n ń pè ní CAN ni gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀. V-boot tó ń lo KE-Jetronic, ètò àtijọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá gbé bíréènbọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ pọ̀ mọ́ gíà tòkunbọ̀, tí ẹ sì fún un ní iná, yóò wá àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ títí, kò ní rí wọn, yóò sì ti ọkọ̀ mọ́ gíà kejì. Mẹkáníìkì tó bá sọ pé òun máa “so wáyà pọ̀” kí bíréènbọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ lára 300E ọdún 1988 ń tan yín, tàbí kó jẹ́ pé kò tíì ṣe é rí.

Ohun tó yẹ ni bíréènbọ́ọ̀sì tó lè dá dúró. OFGear wà lára àwọn tó ń ṣe é fún títà. Ti Ultimate-NAG52 tún wà, tí àwòrán àti ètò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú bíréènbọ́ọ̀sì báyìí lè ṣiṣẹ́ láìsí CAN ilé iṣẹ́. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹ sọ fún un bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó, bí tòròtù ṣe ṣí tó, àti ibi tí ọ̀pá gíà wà. Èyí àárín ló máa ń dá iṣẹ́ dúró. Lára KE-Jetronic, switch tó wà lára tòròtù mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kúrò lórí rẹ̀ àti ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kò mọ ohun tó wà láàárín. Ẹ gbọ́dọ̀ wá sẹ́ńsọ̀ tòròtù gidi kí ẹ sì ṣe ibi tó máa jókòó sí. Dísù náà nílò irú rẹ̀ lára ọ̀pá pọ́ǹpù nọ́sù. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, bíi 200 àtijọ́, náà nílò rẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, kí ó máa tún ìgbà tí gíà ń pààrọ̀ ṣe àti bí ọ́ìlì ṣe ń tì í tó, títí yóò fi rọ̀. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí bá kó lọ sí Kánádà lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò máa bá yín wò ó? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn kí ẹ tó na kọ́bọ̀ nìyẹn. Fún 722.3, ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ ibi tí họ́ọ̀sì ń gbà lè ràn yín lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fún 722.6 tó ń lo bíréènbọ́ọ̀sì tó dá dúró, ẹ gbọ́dọ̀ ní rewaya tó lè ka àwòrán wáyà, kí ẹ sì gba àwòrán ohun gbogbo tó so lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba àṣẹ́kù owó rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: wáyà ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ Mercedes tí wọ́n ṣe láàárín 1992 sí 1995, pàápàá àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì M104 àti M119 (V8), kò dára. Awọ ara wáyà náà máa ń gbẹ, ó máa ń já wẹ́wẹ́, irin á wá máa kan irin. Ẹni tó bá gbé gíà oníná sí ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ra ìyọnu ni.

Àìsàn 722.6 fúnra rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù náà kò jìnnà sí iná. Síìlì rọ́bà ara ṣọ́kẹ́ẹ̀tì onípíìnì 13 máa ń gbó, ọ́ìlì á sì máa fà gba inú wáyà gòkè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, títí yóò fi dé inú bíréènbọ́ọ̀sì. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò wọ́n. Ẹ ra tuntun kí gíà tó gòkè sábẹ́ ọkọ̀. Bí agbára bá wà, ẹ pààrọ̀ conductor plate pẹ̀lú rẹ̀, torí sẹ́ńsọ̀ eré tó bá kú lórí rẹ̀ kò ṣeé yọ lọ́tọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ irin máa gbà

Ní ti irin, iṣẹ́ náà rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ lọ, bí ẹ bá ra gíà tó tọ́. 722.6 tó wá láti ara M104, irú èyí tó wà lára S320, E320 àti C280 ní nǹkan bí 1997, máa jókòó sẹ́yìn M103 àti M104 yín. Dísù OM603 máa ń lo ti OM606 láti ara E300 dísù. Àwọn tó ní V8 M116 tàbí M117 nínú W126 máa ń wá ti M119.

Ìṣòro wà níbí: èyí tó kún Ládípọ̀ jù ni 722.6 láti ara M112 àti M113, ẹ́ńjìnnì V6 àti V8 tó wà lára W220, W203 àti W210 ìgbẹ̀yìn. Ihò nọ́ọ̀tì iwájú wọn, níbi tí gíà ti kan ẹ́ńjìnnì, kò bá ti ẹ́ńjìnnì yín mu. Ti jíìpù ML náà kò wúlò fún yín, torí ibi tí agbára ti ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀. Mercedes tún ta gíà yìí fún àwọn mìíràn: ó wà lára Jaguar XJR àti XKR onísúpáchájà, Chrysler 300C àti Crossfire. Inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà, ibi tó ti kan ẹ́ńjìnnì kọ́. Bellhousing 722.6, ìyẹn ilé irin iwájú tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, ṣeé tú kúrò lára gíà, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì máa ń gbé bellhousing M104 sí ara gíà mìíràn. Iṣẹ́ tábìlì mímọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti orí iyanrìn lẹ́bàá ọ̀nà.

Kọnfátà àti flexplate, irin pẹlẹbẹ tó so kọnfátà mọ́ ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú. Ibi ìdí gíà tí wọ́n ti ń so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ á sún, nítorí náà wọ́n máa ṣe àtúnṣe sí irin tó gbé gíà síìtì. Pùròpẹ́là náà kò ní bára mu. Wọ́n á gé e, wọ́n á sì bàláńsì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojú bàláńsì rẹ̀. Pùròpẹ́là tí wọ́n jó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á máa gbọ̀n ní 80, á sì jẹ rọ́bà àti béárìn ìdí gíà tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ni mítà eré. Lára W124 àti 190, wáyà tó ń yí láti ìdí gíà ló ń gbé mítà náà. 722.6 kò ní ibi tí wáyà yẹn ń wọ̀. Ẹ ní láti wá àpótí kékeré tó ń gba eré láti inú bíréènbọ́ọ̀sì gíà tó sì ń yí wáyà, tàbí kí ẹ gbé mítà oníná sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ ò ní mọ eré yín mọ́, cruise control náà á kú. Bákan náà, switch ẹ̀gbẹ́ gíà àtijọ́ ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tan nínú P àti N nìkan, òun ló sì ń tan iná rìfáàsì. Inú gíà ni 722.6 kó apá kan iṣẹ́ yẹn sí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún wáyà rẹ̀ fà. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gba ọkọ̀: fi sí D, yí kọ́kọ́rọ́, bó bá tan, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọ́ìlì náà yàtọ̀. 722.3 ń mu Dexron lásán. 722.6 nílò èyí tí Mercedes fọwọ́ sí fún un, páìpù géèjì rẹ̀ kò sì ní géèjì nínú: ìdérí tí wọ́n tì pa ló wà lórí rẹ̀, mẹkáníìkì ló máa mú géèjì tirẹ̀ wá, ó sì gbọ́dọ̀ wọn ọ́ìlì nígbà tó bá gbóná dé 80°C. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n ní ọ́ìlì inú rẹ̀ kò nílò pípààrọ̀ láé. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ohùn padà. Ẹ má tẹ̀lé ti àkọ́kọ́.

Àwọn méjì tó kù

722.5 ni àwọn kan máa ń dárúkọ, torí gíà márùn-ún ni òun náà ní, ó sì ti wà lára 300E-24 àti 300SL-24 kí 722.6 tó dé. 722.3 ni, tí wọ́n so gíà karùn-ún (0.75) mọ́ lẹ́yìn. Lójú ìwé, òun ló dà bí ẹni pé ó yẹ V-boot jù. Lójú ọjà, ẹ ò ní rí i, bí ẹ bá sì rí i, apá ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ló ti sábà máa ń gbó, ẹni tó ní àwọn ohun èèlò rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ fi sílẹ̀.

722.9, gíà méje tó dé ní 2003, dára lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Bíréènbọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú gíà gan-an, inú ọ́ìlì gbígbóná, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ti wá sínú rẹ̀ kí olè má bàa lè lò ó. Bí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ bá kú, gbogbo pátákó náà lẹ máa pààrọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ lákọ̀tun. Ní 100 kìlómítà, gíà keje rẹ̀ máa mú ẹ́ńjìnnì wá sí nǹkan bíi 1,900, ìyẹn kò tó 300 sí ti 722.6. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Nàìjíríà fi máa gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1989, àyàfi ẹni tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ta ló yẹ kó ṣe èwo

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ 190E tàbí 230E tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú, ẹ tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe. Kódà bó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tú u tán, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo síìlì, díísì kílọ́ọ̀ṣì àti bàǹdì, owó rẹ̀ kò ní tó ìdajì ohun tí 722.6 máa gbà yín títí tó fi máa rìn dáadáa. Ẹnjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin kékeré náà kò ní ẹ̀mí láti fa gíà karùn-ún tó gùn lórí òkè, á kàn máa lọ sókè á máa bọ̀ sódò láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún.

300E, E320 àti 300D tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn déédéé, tí olówó rẹ̀ kò fẹ́ tà á láé, ni 722.6 yẹ jù. Àwọn wọ̀nyí ní agbára tó pọ̀ tó fún gíà karùn-ún, wọ́n sì ti ní ariwo lójú ọ̀nà tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà máa dùn mọ́ yín. E320 ti 1993 sí 1995 tiẹ̀ rọrùn díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jẹ́ ti bíréènbọ́ọ̀sì, ìròyìn tòròtù sì wà nílẹ̀, bí wọ́n bá ti tún wáyà rẹ̀ ṣe.

W126 V8 ni mo ń ṣiyèméjì lé lórí. 560SEL lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé gíà kẹrin rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́, dífù rẹ̀ sì ti gùn tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó ń níyì bí ọdún ti ń gorí ọdún ni, àwọn tó máa ń rà á sì fẹ́ kó wà bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá fi gíà mìíràn sí i, ẹ tọ́jú ti àtijọ́ sí ibi gbígbẹ pẹ̀lú pùròpẹ́là rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò ọkọ̀ rẹ̀ pé òun ti pààrọ̀ gíà, kí wọ́n má bàa kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá ti pinnu láti ra 722.6

Ẹ ra á pẹ̀lú kọnfátà rẹ̀, flexplate, ọ̀pá gíà, páìpù kúlà, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú wáyà tó gùn díẹ̀, àti irin tó gbé gíà síìtì. Láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kí gbogbo rẹ̀ ti wá. Kọnfátà láti ibì kan àti gíà láti ibòmíràn ló máa ń fa iṣẹ́ tí kì í tán. Ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara gíà náà: 722.6 ló máa bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà méjì tó tẹ̀lé e ni yóò sọ ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ tó wà fún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi wé ti ẹ́ńjìnnì yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ ní kí wọ́n tú páànù rẹ̀ níwájú yín. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e. Kò sí ohun tó pọ̀ ní Ládípọ̀ tó ṣọ́ọ̀bù. Ọ́ìlì tó pupa tàbí tó rẹ̀ dòdò dára. Èyí tó funfun bí omi mílíìkì, ẹ sá fún un: ráídétọ̀ àwọn Mercedes kan tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 máa ń là nínú, omi ráídétọ̀ á wọ inú gíà, á sì bó ohun tó lẹ̀ mọ́ díísì kílọ́ọ̀ṣì kúrò. Fífọ̀ kò lè tún irú gíà bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì onípíìnì 13 náà: bí ọ́ìlì bá wà nínú píìnì rẹ̀, ẹ gé owó ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun àti conductor plate kúrò nínú iye tí wọ́n ń pè. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ẹ lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí kò bá wọ gíà, torí pé ẹnu lásán ni “ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá” títí tí yóò fi wà nínú ìwé.